Popova tó wa bàálù lọ jagun nígbà 852: nígbà tí ogun wá parí ńkọ́?

#1 · ÌyáÀdùkẹ́ · Ọjọ́rú, 7:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìbéèrè ọmọ iléèwé ló gbé mi dé ibí.

Mo ń sọ ìtàn ogun Hitler fún kíláàsì mi lánàá, mo sì mẹ́nu ba Nadezhda Popova, ọmọbìnrin ará Soviet tó wa bàálù lọ ju bọ́ǹbù lu àwọn ọmọ ogun Jámánì nígbà 852. Gbogbo wọn lanu. Ọmọ kan tó jókòó lẹ́yìn bá nawọ́: "Mà, nígbà tí ogun wá parí ńkọ́, kí ni wọ́n ní kó máa ṣe?" Mo dákẹ́ rọ́rọ́. Ìtàn ogun rẹ̀ ni mo mọ̀, n kò mọ ìtàn àlàáfíà rẹ̀. Mo bẹ ọmọ náà pé kó fún mi lọ́jọ́ méjì.

Èyí tí mo rí kó jọ rèé, kí ẹ bá mi fi kún un.

Ọdún 1921 ni wọ́n bí i ní Shabanovka. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá rẹ̀, agbègbè Donbas nílẹ̀ Ukraine, tí wọ́n ti ń wa èédú, ló sì dàgbà sí. Ó wà lọ́mọdé nígbà tí bàálù kan balẹ̀ sí ìtòsí abúlé wọn. Ó sáré lọ wò ó, ó sì rí i pé èèyàn ẹlẹ́ran ara bíi tiwọn ló sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣe òòṣà. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀. Ọmọ ọdún 15 ló wà tó fi wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò. Nígbà tí ogun fi máa dé, òun fúnra rẹ̀ ti ń kọ́ ẹlòmíràn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1941, Jámánì ya wọ ilẹ̀ wọn. Wọ́n pa arákùnrin rẹ̀, Leonid, lójú ogun. Àwọn ọmọ ogun Jámánì gba ilé àwọn òbí rẹ̀. Ó lọ forúkọ sílẹ̀ pé òun fẹ́ jà, wọ́n ní kó máa lọ sílé, pé obìnrin kì í wa bàálù ogun. Marina Raskova ló wá yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ẹ má fojú kéré Raskova yẹn o. Ní 1938, òun àti obìnrin méjì míì fò láti Mọ́sìkò lọ sí ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn Rọ́ṣíà láìbalẹ̀ lọ́nà. Epo fẹ́ tán mọ́ wọn lójú ọ̀run, Raskova fi páráṣúùtì bẹ́ sínú igbó kìjikìji, ọjọ́ mẹ́wàá ló fi rìn káàkiri kó tó rí àwọn yòókù. Stalin, olórí Soviet, fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kẹwàá 1941 wọ́n gbà fún un kó kó àwọn obìnrin jọ sí ẹgbẹ́ ọmọ ogun mẹ́ta: 586 tó ń bá bàálù ọ̀tá jà lójú òfurufú, 587 tó ń ju bọ́ǹbù lọ́sàn-án, àti 588 tó ń ju tirẹ̀ lóru. Popova bọ́ sí 588. Nínú ẹgbẹ́ yìí, láti orí ọ̀gá wọn, Yevdokiya Bershanskaya, títí dé orí ẹni tó ń di nọ́ọ̀tì mọ́ táyà, obìnrin ni gbogbo wọn.

Lẹ́yìn ogun: ó fẹ́ ọkọ, ó bímọ, ó fi nǹkan bí ogún ọdún kọ́ àwọn èèyàn ní wíwa bàálù, ó kú ní Mọ́sìkò ní oṣù keje 2013 lẹ́ni ọdún 91. Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Ó kéré jù fún ọmọ tó béèrè irú ìbéèrè yẹn.

#2 · Jagunlabí · Ọjọ́rú, 8:02 alẹ́

Mà, ẹ má bínú sí mi. 852? Ní ogun kan ṣoṣo? Mo tún kà níbì kan pé ó fò nígbà 18 lóru ọjọ́ kan. Ẹni tó ń wa dáńfó láti Ọ̀ṣòdì sí Ọbáléńdé kò lè lọ kó bọ̀ nígbà 18 lọ́jọ́ kan. Ìjọba Stalin ló ń kọ ìròyìn nígbà yẹn o, ẹ rántí.

Ìkejì: obìnrin tó ń ju bọ́ǹbù káàkiri, ta ló láyà tó fẹ́ ẹ? Ìbéèrè lásán ni o, ẹ má ju bọ́ǹbù lù mí.

#3 · BàbáHángà · Ọjọ́rú, 8:31 alẹ́

Jagunlabí, àbúrò mi, jókòó kí n ṣe ìṣirò fún ọ. Ọdún 31 ni mo fi tún ẹ́ńjìnnì bàálù ṣe n'Ìkẹjà. Mo ti fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ sísọ ló kù tí mo ń fi ṣiṣẹ́ ṣe.

Bàálù tí wọ́n kó fún àwọn ọmọbìnrin yìí, Po-2 ni wọ́n ń pè é. Igi ni egungun rẹ̀, aṣọ ni wọ́n fi bò ó, ìyẹ́ rẹ̀ wà lókè, òmíràn wà nísàlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà márùn-ún, agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 100. Mọ́tò jíìpù tí àwọn ọ̀gá ń gbé káàkiri lónìí jù ú lọ dáadáa. Wọ́n ṣe é kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi kọ́ṣẹ́, wọ́n sì tún fi ń fín oògùn kòkòrò sí oko. Bó bá sáré títí, kìlómítà 150 ní wákàtí kan ni. Mo mọ àwọn dírẹ́bà tó ń lé mọ́tò dé ibẹ̀ lójú títì Èkó sí Ìbàdàn. Kò ní òrùlé, kò ní rédíò, atẹ́gùn yìnyín ń fẹ́ sí wọn lójú tààrà. Títí di 1944, wọn kì í gbé páráṣúùtì. Ìwọ̀n rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé bọ́ǹbù.

Ìṣirò wá dé. Gbogbo bọ́ǹbù tí nǹkan kékeré yẹn lè gbé kò ju nǹkan bí kìlógíráàmù 300. Nítorí náà wọn kì í lọ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n padà wá sùn. Wọ́n á lọ jù ú, wọ́n á padà, àwọn obìnrin tó wà nílẹ̀ á fi ọwọ́ gbé òmíràn kọ́ sábẹ́ ìyẹ́, wọ́n á rọ epo, ó di gbére. Awakọ̀ lè má sọ̀ kalẹ̀ rárá. Pápá tí wọ́n ti ń gbéra kì í jìnnà sí ojú ogun. Òru ìgbà òtútù lọ́hùn-ún gùn ju tiwa lọ púpọ̀. Bí àlọ àtàbọ̀ kan kò bá ti tó wákàtí kan, ìgbà 18 lóru kan kì í ṣe àlọ́. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Irina Sebrova tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà tiẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni ti eré rẹ̀ tó lọ́ra. Bàálù ìjà Jámánì kò lè rin ìrìn ìgbín. Bó bá dẹ eré kó lè bá Po-2 dọ́gba, òun gan-an á fẹ́ já bọ́. Nítorí náà, á sáré kọjá lára rẹ̀ ni, kó tó ṣẹ́rí padà, ọmọbìnrin náà ti yà bàrá sínú òkùnkùn.

#4 · ỌmọAwo_Òṣogbo · Ọjọ́rú, 9:10 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ orúkọ wọn.

Àwọn Jámánì ń pè wọ́n ní Nachthexen, ìyẹn àjẹ́ òru. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ní tiwa, ta ló ń fi "òru" kún "àjẹ́"? Òru náà ni tiwọn! Tọ̀sán ló ṣọ̀wọ́n débi pé a fi ń bú èèyàn: àjẹ́ ọ̀sán gangan.

Ìdí tí wọ́n fi sọ wọ́n bẹ́ẹ̀ rèé. Bó bá kù díẹ̀ kí wọ́n dé ibi tí wọ́n ń lọ, awakọ̀ á rẹ ohùn ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, bàálù á máa yọ́ bọ̀ nínú òkùnkùn. Ohun kan ṣoṣo tí ọmọ ogun tó wà nílẹ̀ máa gbọ́ ni afẹ́fẹ́ tó ń dún láàárín wáyà ìyẹ́ rẹ̀, fíìì, wọ́n ní bí ìgbálẹ̀ tó ń kọjá lójú ọ̀run. Àjẹ́ tiwọn, ìgbálẹ̀ ló ń gùn. Ká ní àwa ni, ẹnikẹ́ni kò ní rántí ìgbálẹ̀. Ẹyẹ la máa gbọ́. Ẹlẹ́yẹ la máa pè wọ́n, ẹni tó jókòó á sì dìde díẹ̀ kó tó dárúkọ wọn.

Popova sọ ọ́ nígbà ayé rẹ̀ pé àwọn Jámánì tiẹ̀ gbà pé wọ́n ń gún àwọn lábẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ kí àwọn ríran bí ológbò lóru. Ó ní irọ́ gbáà. Ẹ wò ó bí ayé ṣe rí níbi gbogbo: obìnrin kan kò lè mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú kí wọ́n má wá oògùn sí i nídìí.

#5 · Jagunlabí · Ọjọ́rú, 9:24 alẹ́

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ìṣirò yín wọlé. Ṣùgbọ́n bàálù tó lọ́ra tó bẹ́ẹ̀, ṣé àwọn tó ń yìnbọn láti ilẹ̀ kò rí i ni? Iná ńlá wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n fi ń wá bàálù lójú ọ̀run.

Ìbéèrè mi kejì ṣì wà nílẹ̀ o.

#6 · ÌyáÀdùkẹ́ · Ọjọ́rú, 10:05 alẹ́

Wọ́n rí wọn, Jagunlabí. Ọgbọ́n tí Popova ṣàlàyé ni pé bàálù mẹ́ta ló ń jáde pọ̀ nígbà míì. Méjì á lọ fi ara wọn han iná yẹn, wọ́n á pínyà, wọ́n á máa yí bírí, kí gbogbo iná àti ìbọn lè dojú kọ wọ́n. Ẹ̀kẹta á yọ́ wọlé nínú òkùnkùn, á ju tirẹ̀. Wọ́n á wá pààrọ̀ títí tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fi jù ú tán. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ ogún ọdún ni ọ́, iṣẹ́ tìrẹ lóru yìí ni kí wọ́n máa yìnbọn sí ọ.

Ó délé lọ́jọ́ kan, wọ́n ka ihò ọta 42 lára bàálù rẹ̀. Ọta dé ara máàpù, ó dé ara akoto rẹ̀. Ó kọjú sí Katya Ryabova, tí wọ́n jọ wà nínú bàálù tó ń tọ́ ọ sọ́nà, ó ní àwọn méjèèjì á pẹ́ láyé.

Gbogbo òru kọ́ ló parí báyìí. Lóru tó mọ́ ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1943, Jámánì kò yìnbọn láti ilẹ̀. Bàálù ìjà tó mọ òru jà ni wọ́n rán síta. Iná ńlá á dì wọ́n mú, bàálù ìjà á dáná sí wọn. Ó ṣe, bàbá, ìgbín náà rí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú un. Bàálù mẹ́rin kò padà, obìnrin mẹ́jọ. Igi àti aṣọ ni, ó jó bí ìṣáná. Kò sí páráṣúùtì.

Ó yá, ti ọkọ. Semyon Kharlamov ni orúkọ rẹ̀. Ní 1942, ọ̀tá ba bàálù Popova jẹ́, ó balẹ̀ tipátipá, ó wá dara pọ̀ mọ́ ọ̀wọ́ àwọn ọmọ ogun àti ará ìlú tó ń sá fún Jámánì. Nínú ọ̀wọ́ yẹn ló ti bá ọ̀dọ́kùnrin kan tó jókòó tó ń kàwé. Awakọ̀ bàálù ìjà ni òun náà, ó fara gbọgbẹ́, wọ́n sì ti fi báńdéèjì wé gbogbo orí rẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Wọ́n tàkúrọ̀sọ. Kò rí imú, kò rí ẹnu, kò mọ̀ bóyá arẹwà ni tàbí òbùrẹ́wà. Wọ́n pínyà. Ogun tún gbé wọn pàdé lẹ́ẹ̀mélòó kan sí i. Ọjọ́ kan náà, 23 oṣù kejì 1945, ni wọ́n fún àwọn méjèèjì ní oyè Akọni Soviet Union, èyí tó ga jù. Nígbà tí Berlin ṣubú, wọ́n jọ lọ kọ orúkọ wọn sára ògiri ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Jámánì, wọ́n sì fẹ́ra. Ọmọ wọn ọkùnrin di ọ̀gágun nínú iṣẹ́ ojú òfurufú. Kharlamov kú ní 1990.

Ẹni tó láyà nìyẹn, Jagunlabí.

#7 · Olóòtú · Ọjọ́rú, 10:11 alẹ́

Jagunlabí, ṣé kí a ti ìbéèrè kejì yẹn pa, àbí kí a fi hàn ẹ́ sí i? 😄

#8 · Àbẹ̀kẹ́_Peckham · Ọjọ́bọ̀, 6:48 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Bọ́ọ̀sì ni mo wà, mo ka gbogbo rẹ̀ tán, mo fẹ́ gbàgbé ibi tí mo ti máa bọ́ọ́lẹ̀.

Níbí ní ìlú ọba, wọn kò gbà kí obìnrin wa bàálù lọ sójú ogun. Ohun tí wọ́n gbà ni kí wọ́n máa gbé bàálù láti iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é lọ fún àwọn ọkùnrin tó máa fi jà. Mary Ellis wà lára wọn. Bàálù bí ẹgbẹ̀rún kan ló gbé láti ibì kan dé ibòmíràn. Lọ́jọ́ kan ó gbé Wellington lọ, bàálù ńlá tí ọkùnrin bíi márùn-ún máa ń wọ̀ lọ jagun. Òun nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ pápá ní, "Awakọ̀ dà?" Ó ní òun rèé. Wọn kò gbà. Wọ́n gun inú bàálù lọ, wọ́n wá ọkùnrin títí, wọn kò rí i.

Mà, ẹ sọ fún ọmọ yín pé nígbà tí ogun parí, Mary Ellis kò padà sí ìdí ààrò. Láti 1950 títí di 1970 òun ni ọ̀gá pápákọ̀ òfurufú Sandown ní erékùṣù Wight. Ọdún 2018 ló kú, lẹ́ni ọdún 101. Ní 1943 owó oṣù àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn sì ti bá ti ọkùnrin dọ́gba. Ẹ bi mí bóyá tèmi dọ́gba ní ọ́fíìsì mi báyìí.

Kí n tó sọ̀ kalẹ̀: ọmọ Èkó kan náà wà nínú ogun yìí o, Peter Adeniyi Thomas. Ní 1942 ó di ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ́físà awakọ̀ nínú iṣẹ́ ogun òfurufú ìlú ọba. Oṣù kìíní 1945 ló kú, ogun ò tíì parí.

#9 · Dèjì_Houston · Ọjọ́bọ̀, 2:15 ọ̀sán

Ti Amẹ́ríkà ni yóò bí Àbẹ̀kẹ́ nínú.

Wọ́n dá ẹgbẹ́ obìnrin kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní WASP, Texas níbí ni wọ́n ti kọ́ wọn. Ó ju obìnrin 25,000 tó kọ̀wé sí wọn, 1,074 ló yege. Wọ́n ń gbé bàálù kiri, wọ́n ń dán èyí tí wọ́n tún ṣe wò, wọ́n sì tún ń fi bàálù fa aṣọ gígùn lẹ́yìn kí àwọn ọmọ ogun lè máa fi ọta gidi kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìnbọn sí i. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ọta gidi, obìnrin ló wà níwájú.

Ṣùgbọ́n nínú ìwé, ará ìlú lásán ni wọ́n. Mẹ́jìdínlógójì nínú wọn kú sẹ́nu iṣẹ́. Ìjọba kò san owó tí wọ́n máa fi gbé òkú wọn relé, kò sí àsíá lórí pósí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló ń dá owó jọ. Ní 20 oṣù kejìlá 1944, wọ́n tú ẹgbẹ́ náà ká: ẹ ṣeun, ẹ máa lọ. 1977 ni òfin tó kà wọ́n sí ọmọ ogun tó dé. Nígbà náà, ẹni tó kéré jù nínú wọn ti ju 50 lọ. Wọ́n fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ góòlù ní 2010.

Ó tún kù. Elaine Harmon, ọ̀kan nínú wọn, kú ní 2015. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìtẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun ní Arlington ni kí wọ́n gbé eérú òun sí. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun ní rárá. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jà fún un, ó di òfin ní 2016, ìgbà yẹn ni wọ́n tó sin ín. Obìnrin yẹn ti parí ogun ní 1944, àbí?

Àwọn obìnrin èèyàn dúdú ńkọ́? Wọn kò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n wọlé. Janet Harmon Bragg, nọ́ọ̀sì ní Chicago, ní ìwé àṣẹ awakọ̀ lọ́wọ́, wọ́n rí àwọ̀ rẹ̀, wọ́n dá a padà.

#10 · Àbẹ̀kẹ́_Peckham · Ọjọ́bọ̀, 2:40 ọ̀sán

Dèjì, o ti ba ọ̀sán mi jẹ́.

#11 · Akọ̀wéÀgbà · Ọjọ́bọ̀, 4:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má jẹ́ ká wá máa rò pé ti Soviet dára jù o. Oríire Popova ni pé ó délé pẹ̀lú bàálù rẹ̀ nígbà gbogbo tàbí ó kéré tán, ó délé pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Lydia Litvyak tó wa bàálù ìjà, tó já bàálù Jámánì púpọ̀ bọ́, kò padà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1943. Kò tíì pé ọmọ ọdún 22. Nítorí pé wọn kò rí òkú rẹ̀, ìfura bẹ̀rẹ̀: ṣé kì í ṣe pé ọwọ́ Jámánì ló wà? Lójú Stalin, ẹni tí ọ̀tá mú láàyè ti fẹ́ di ọ̀dàlẹ̀. 1990 ni wọ́n tó fún un ní oyè Akọni, ìyẹn lẹ́yìn ọdún 47.

Anna Yegorova ní tirẹ̀, wọ́n já a bọ́ ní 1944 ní ìtòsí Warsaw. Iná jó o, Jámánì mú un lẹ́rú. Nígbà tí àwọn èèyàn rẹ̀ gba ibùdó ẹlẹ́wọ̀n náà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1945, ẹ máa rò pé wọ́n gbé e jó. Wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n ń bi í léèrè tọ̀sán-tòru pé kí ló dé tí kò kú. Oyè tirẹ̀ dé ní 1965.

Mo ní bàbá àgbà kan tó lọ sí ogun Bọ́mà. Nígbà tó dé, wọ́n fún un ní bọ́ọ̀tù àti owó díẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ ogun náà fún wa rí. Bí ààrá bá sán, á kúrò nídìí fèrèsé.

#12 · Ọmọ_Okun · Ọjọ́bọ̀, 5:55 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ń ka gbogbo yín láti àná, n kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìjùmú ni mo ti wá.

Ẹ ń béèrè nípa lẹ́yìn ogun. Tolulope Arotile, ọmọ Iffe wa ní Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogi, kò ní "lẹ́yìn". Oṣù kẹwàá 2019 ni wọ́n lẹ àmì ìyẹ́ awakọ̀ mọ́ ọn láyà, obìnrin àkọ́kọ́ tó máa wa hẹlikópítà ogun ní Nàìjíríà. Ó lọ sí Niger State, ó bá wọn lé àwọn jàǹdùkú tó ń gbé inú igbó. Ọjọ́ 14 oṣù keje 2020, nínú ọgbà iṣẹ́ ológun ní Kaduna, mọ́tò tó ń fi ẹ̀yìn rìn ló pa á. Ọmọ ọdún 24. Wọ́n sin ín sí ìtẹ́ òkú ológun ní Abuja.

Blessing Liman ló kọ́kọ́ di awakọ̀ òfurufú ológun obìnrin ní Nàìjíríà ní 2012. Ọdún méje péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Àwọn ọmọbìnrin kékeré abúlé wa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "èmi náà máa wa hẹlikópítà" nígbà yẹn. Wọ́n ṣì ń sọ ọ́.

#13 · BàbáHángà · Ọjọ́bọ̀, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ_Okun, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ọlọ́run á dáàbò bo àwọn tó kù.

#14 · Jagunlabí · Ọjọ́bọ̀, 8:15 alẹ́

N kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ìbéèrè gidi kan ni mo ní. Popova yìí, bọ́ǹbù rẹ̀ pa èèyàn. Ṣé ó sọ ohun kankan nípa rẹ̀ nígbà tó dàgbà? Àti pé Donbas tó ti wá, ibẹ̀ náà ni Rọ́ṣíà àti Ukraine ti ń para wọn báyìí. Ìhà wo ni ká ní ó wà?

#15 · ÌyáÀdùkẹ́ · Ọjọ́bọ̀, 9:30 alẹ́

2013 ló kú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìbọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní Donbas. Ikú gbà á lọ́wọ́ ìbéèrè rẹ kejì, èmi náà kò ní fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu.

Ní ti àkọ́kọ́: nínú ọ̀rọ̀ tó bá àwọn akọ̀ròyìn sọ, ilé tí wọ́n gbà àti arákùnrin tí wọ́n pa ló máa ń rántí. Ọ̀rọ̀ kan ló wọ̀ mí lára jù. Ó ní nígbà míì, ní ọjọ́ ogbó òun, òun máa ń gbójú sókè wo òkùnkùn ojú ọ̀run, òun á rí ara òun lọ́mọdébìnrin nínú bàálù kékeré yẹn, òun á sì bi ara òun léèrè pé, "Nadya, báwo lo ṣe ṣe é?"

Mo tún wá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kiri, torí ọmọ yẹn. Oṣù kẹwàá 1945 ni wọ́n tú ẹgbẹ́ wọn ká. Irina Rakobolskaya, tó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì wọn, padà sí Yunifásítì Mọ́sìkò tó ti ń kẹ́kọ̀ọ́ fíṣíìsì kí ogun tó dé, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀, 2016 ló kú. Yevgeniya Zhigulenko di olùdarí fíìmù. Polina Gelman di onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé. Èyí tó dùn mí ni Yevgeniya Rudneva. Ìmọ̀ ìràwọ̀ ló ń kọ́ ní yunifásítì kan náà. Ó pa á tì, ó lọ máa fi ojú tó fi ń ka ìràwọ̀ tọ́ bàálù sọ́nà lóru. Oṣù kẹrin 1944 ni òun àti bàálù rẹ̀ jóná. Wọ́n ti wá fi orúkọ rẹ̀ sọ òkúta ńlá kan tó ń yí oòrùn po.

Àwọn tó délé ṣe àdéhùn kan: ní gbogbo ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún, wọ́n á pàdé níwájú gbọ̀ngàn Bolshoi ní Mọ́sìkò. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń lọ nígbà ayé wọn. Wọ́n lọ pẹ̀lú ọkọ, wọ́n lọ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, wọ́n lọ pẹ̀lú ọmọ-ọmọ. Wọ́n ń dín kù.

#16 · Àbẹ̀kẹ́_Peckham · Ọjọ́bọ̀, 9:44 alẹ́

Ì bá wù mí kí n ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ibẹ̀ ní ọjọ́ kan nígbà náà, kí n máa wo wọn bí wọ́n ṣe ń dì mọ́ra.

#17 · ÌyáÀdùkẹ́ · Ọjọ́ Ẹtì, 3:10 ọ̀sán

Mo ti sọ ọ́ fún kíláàsì. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ, ti Arlington, ti ọmọ Iffe, ti báńdéèjì (àwọn ọmọbìnrin fẹ́ràn ti báńdéèjì, àwọn ọmọkùnrin ní irọ́ ni). Ọmọ tó béèrè jókòó, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí aago lù, ó wá bá mi nídìí tábìlì: "Mà, bàálù yẹn ńkọ́? Òun náà, kí ni wọ́n ní kó máa ṣe?"

BàbáHángà, ẹ dákun, ẹ gbà mí.

#18 · BàbáHángà · Ọjọ́ Ẹtì, 4:02 ìrọ̀lẹ́

Há! Ẹ fún mi ní ọmọ yẹn, kí n mú un lọ sí hángà.

Púpọ̀ nínú wọn padà sí oko. Wọ́n tún gbé oògùn kòkòrò sí i, ó ń fín in sórí ọkà. Òmíràn ń gbé lẹ́tà, òmíràn ń gbé aláìsàn. Wọ́n ṣì ń ṣe tuntun rẹ̀ jáde lẹ́yìn ogun.

Kò wá sinmi náà. Nígbà tí ogun Kòríà bẹ̀rẹ̀ ní 1950, àwọn ará Kòríà Àríwá tún gbé e jáde. Ìṣe rẹ̀ kò yí padà: òru, igi àti aṣọ, ó ń yọ́ bọ̀ láti wá da oorun àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà láàmú. Bàálù jẹ́ẹ̀tì ni Amẹ́ríkà fi ń lé e. Ọ̀kan nínú àwọn jẹ́ẹ̀tì yẹn dẹ eré títí kó lè bá a dọ́gba, ó dẹ̀ ẹ́ jù, òun ló já bọ́.

Ẹ sọ fún ọmọ náà pé ẹni tó wà nínú jẹ́ẹ̀tì yẹn kò gbọ́ ìṣirò mi lọ́jọ́ Ọjọ́rú.